Bí rọ́bọ́ọ̀tì bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ta ló ń ṣọ́ oorun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fẹ́ yọ prostate bàbá wa ní London nítorí jẹjẹrẹ, rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n ní àwọn máa lò. Ṣé ẹ̀rọ yẹn ló máa dá a ṣe? Ṣé òun náà ló máa fún wọn lóògùn oorun?

Ìdáhùn: Rárá o. Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń jẹ́ Da Vinci, tí wọ́n ń lò jù fún irú iṣẹ́ yìí, kì í dá nǹkan kan ṣe. Dókítà á jókòó sí ìdí ẹ̀rọ kan nínú yàrá náà, á ki ojú bọ ibi tó ti ń rí inú ikùn, ìka ọwọ́ rẹ̀ ni apá ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Bó bá gbé orí kúrò níbẹ̀, àwọn apá náà á dúró gbagidi.

Oorun ló gba àmójútó jù, dókítà akunilóorun ló sì ni í. Wọ́n á fi afẹ́fẹ́ carbon dioxide fẹ́ ikùn, ìfúnpá rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 12 sí 15 mmHg, wọ́n á wá dorí bẹ́ẹ̀dì kodò ní nǹkan bíi dìgírì 25 sí 30. Ohun tó wà níkùn á ti ẹ̀dọ̀fóró síhà ọ̀fun, páìpù mímí tó wà láyè rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún nìkan. Àfi kí wọ́n tún fetí sí àyà lọ́tùn-ún lósì lẹ́yìn tí orí bá ti kodò. Èyí tí wọ́n gbọ́ ṣáájú kò tó. Ojú àti ahọ́n a sì máa wú. Bó bá wú jù, wọn kì í kánjú yọ páìpù.

Aláìsàn ò gbọdọ̀ mira rárá. Apá ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ikùn ti yẹ̀, irinṣẹ́ á kàn ya ara ni. Láti mọ̀ bóyá oògùn adẹ-iṣan, èyí tí kì í jẹ́ kó mira, ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń fi iná kékeré ta iṣan ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, kí wọ́n ka iye ìgbà tí àtàǹpàkò fò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n ti fi aṣọ di ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara. Bí aṣọ bá tẹ àtàǹpàkò mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ á ka òdo, wọ́n á rò pé oògùn adẹ-iṣan ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì ti ń tán lọ.

Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ pàjáwìrì dánra wò: bí ọkàn bá dáwọ́ dúró, irinṣẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú apá ẹ̀rọ kúrò.

Ìbéèrè: Ṣé kò wá sí ẹ̀rọ tó ń dá fúnni lóògùn oorun ni?

Ìdáhùn: Ó wà. Ní 2008, àwọn olùwádìí McGill ní Montreal gbé McSleepy jáde. Sedasys ti Johnson & Johnson gba àṣẹ FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ní 2013, fún àyẹ̀wò inú ìfun àti ọ̀fun; ní 2016 wọ́n dáwọ́ títà rẹ̀ dúró.

Irú McSleepy máa ń ka iṣẹ́ ọpọlọ látorí nǹkan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú orí, èyí tó ń di nọ́mbà BIS, láti 0 dé 100; bó bá ṣe ga tó ni ojú aláìsàn ṣe dá tó. Kọ̀ǹpútà á máa fi kún propofol, ìyẹn oògùn oorun, tàbí kó dín in kù, kí nọ́mbà lè wà láàárín 40 sí 60. Lóòótọ́, kì í rẹ̀ ẹ́ bí ènìyàn. Àmọ́ bí rọ́bà oògùn bá yọ lábẹ́ aṣọ, propofol á máa ṣàn sórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́mbà á máa gòkè, kọ̀ǹpútà á sì tún máa tú u sí i. Ketamine, oògùn oorun mìíràn, náà ń tàn án: oorun á wọra, nọ́mbà á ga. Níbi iṣẹ́ tí ọwọ́ méjèèjì bá ti wà lábẹ́ aṣọ, àwa ò ní fi í sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń yọjú wo ibi tí abẹ́rẹ́ wọ̀.