Àbúrò mi fẹ́ pa ara rẹ̀: ṣé ó lè tún gbìyànjú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ pa ara rẹ̀, Ọlọ́run ò jẹ́. Ó ti kúrò ní ọsibítù, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì ní ó ti tán. Kí ni ká máa ṣọ́?

Ìdáhùn: Kò tíì tán o. Ẹ̀rín yẹn lè ti ọkàn wá, àmọ́ ẹ má gbára lé e. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọsibítù ni ewu máa ń pọ̀ jù, ó sì ṣì ga títí di nǹkan bí oṣù 3. Gbèsè, ìjà tàbí ìrora tó lé e débẹ̀ ṣì ń dúró dè é, kò sí nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ ọ mọ́, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì náà sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́.

Kò sí ìdánwò tó lè sọ ẹni tó máa tún un ṣe. Ewu ga fún ẹni tó ti gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹni tó ń mutí, ẹni tí kì í rí oorun sùn, tí wọ́n fìyà jẹ ní kékeré, tàbí tó gbà pé ọ̀rọ̀ òun ò lè dára mọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ fetí sí jù. Síbẹ̀, nínú ẹni 10 tó gbìyànjú tí kò kú, nǹkan bí 9 ni kì í padà kú lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ẹ ò lè yí ìgbà èwe rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹ lè yí ohun tó wà nílé padà. Èrò yìí sábà máa ń gbóná fúngbà díẹ̀ ni, kó tó rọlẹ̀. Bí ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe bá jìnnà, ó lè yè é. Nítorí náà, ẹ kó apakòkòrò, ìbọn àti oògùn tó ṣẹ́ kù kúrò nílé. Ẹ ní kí ọsibítù máa fún un ní oògùn ọ̀sẹ̀ 1 péré lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ bi í gbangba: "Ṣé ò ń ronú láti pa ara ẹ?" Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí i lórí. Ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀: àmì tó máa ń rí kí ọkàn rẹ̀ tó dàrú, ohun tó ń fi í lọ́kàn balẹ̀, ẹni tó lè pè lóru, nọ́ńbà dókítà. Bí ẹ bá kọ ọ́ fún un láìjẹ́ pé òun náà wà níbẹ̀, ó lè má lò ó. Ẹ má sì fipá gba ìlérí. Ìlérí ò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Bó bá ń pín ẹrù rẹ̀, tó ń dágbére, tàbí tó ti mọ ọjọ́ tó fẹ́ ṣe é, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan rárá. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.