Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń "stall", apá bàálù ni

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, ti lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù. Ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn yóò kọ́ "stall". Ọkùnrin kan wà ní Kàbbà tó ń gba owó, tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn ọmọ ní ìwakọ̀ bàálù, títí kan ọmọ mi. Ó ṣàlàyé fún mi pé kí ẹ́ńjìnnì kú lójú ọ̀run ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé wọn yóò pa ẹ́ńjìnnì, bàálù yóò já wálẹ̀ bí òkúta, àfi tí ọmọ bá tètè fa ìdarí, ìyẹn ohun tí awakọ̀ dì mú láti darí bàálù, mọ́ra kí imú bàálù lè gbé sókè. N ò rí oorun sùn mọ́. Ṣé mo lè bẹ olùkọ́ rẹ̀ kó fo ẹ̀kọ́ yẹn? Ọmọ náà ń lo awò ojú, ṣé wọn ò ní torí ẹ̀ lé e?

Ìyá kan láti Yàgbà

Ìdáhùn

Ìyá wa, ọ̀kun o. Ọmọ Mọpà ni mí, mo sì ń kọ́ni ní ìwakọ̀ bàálù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ bí ọmọ ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ti awò ojú kò le. Awò kì í lé ọmọ kúrò nídìí bàálù bí ojú rẹ̀ bá ríran dé ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ nígbà tó bá wọ̀ ọ́. Dókítà tí NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí ni yóò pinnu ìyẹn, kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe aládùúgbò. Kó ṣáà máa mú awò kejì dání. Ọjọ́ orí rẹ̀ náà dára: ọdún 17 ni òfin ICAO, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ bàálù, béèrè fún ìwé àṣẹ awakọ̀ aládàáni, pẹ̀lú wákàtí 40 lójú ọ̀run ó kéré tán, tí yóò dá fo 10 nínú rẹ̀ láìsí olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ "stall" yìí ni mo fẹ́ jókòó tì. Ẹ̀yin ni ẹni kẹta tó máa bi mí ní irú rẹ̀ láàárín oṣù méjì, láti Kàbbà, láti Ìyàrà, ó wá di Ìsánlú, ohùn kan náà sì ni gbogbo yín ń sọ. Inú ń bí mi, n ò ní purọ́. Kì í ṣe sí yín o. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tó tún ń kọ́ wọn ní ohun tó lè pa wọ́n, òun ni inú ń bí mi sí.

Ibi tí àṣìṣe náà ti wá yé mi. Tí ọ̀kadà bá gbé èrò méjì pẹ̀lú àpò gàrí gun òkè, tí ọlọ́kadà kò tètè yí jíà, ẹ́ńjìnnì á kú, àwọn mẹkáníìkì á sì ní ó ti "stall". Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti dé ìdí bàálù, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà pátápátá. Apá bàálù ló ń stall. Ẹ́ńjìnnì lè máa bú ramúramù, kí epo kún táǹkì, kí apá ti kọ iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì sì lè kú fin-ín-fin-ín, kí apá máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ ti rí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà rí, tó gbé páànù ìbolé kan lérí, tó fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú. Bí páànù bá tẹ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ á gba òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, wàhálà ò pọ̀. Bí ó bá gbé etí iwájú sókè díẹ̀, á rí i pé páànù ń fẹ́ gbé òun kúrò lórí ìjókòó. Bí ó bá wá gbé e sí i, tí páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró, gbígbé yẹn á dópin lójijì. Páànù á di ògiri, á máa tì í sẹ́yìn, á máa gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí apá bàálù ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa ṣàn mọ́ ẹ̀yìn òun wọ́ọ́rọ́wọ́. Igun tó wà láàárín apá àti afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀ là ń pè ní angle of attack. Lórí ọ̀pọ̀ bàálù kéékèèké, bí igun yìí bá ti kọjá nǹkan bíi dígírì 15 sí 18, afẹ́fẹ́ á ṣí kúrò lẹ́yìn apá, á dàrú, agbára tó ń gbé bàálù dúró á sì já wálẹ̀. Stall nìyẹn. N ò dárúkọ ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn, ẹ sọ ìtàn bàálù méjì fún un. Irú kan náà ni méjèèjì, Airbus A330. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2001, èyí tó jẹ́ ti Air Transat ń ti Toronto lọ sí Lisbon pẹ̀lú ènìyàn 306. Epo jò dànù lórí òkun Atlantic, ẹ́ńjìnnì kan kú, èkejì tẹ̀ lé e. Bàálù ràgàjì yẹn rà bàbà fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú 19 láìní ẹ́ńjìnnì kankan, bí àwòdì tó na apá tí kò lù ú, ó sì balẹ̀ sí erékùṣù Terceira ní Azores. Kò sẹ́ni tó kú.

Èkejì jẹ́ ti Air France, ó gbéra ní Rio de Janeiro, ó ń lọ sí Paris. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2009, yìnyín dí ihò tí bàálù náà fi ń wọn eré rẹ̀, autopilot, ẹ̀rọ tó ń dá darí bàálù, jáwọ́, awakọ̀ sì fa ìdarí mọ́ra. Imú gbé sókè, apá stall. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì ń ṣiṣẹ́ o! Ohùn ìkìlọ̀ pariwo "stall" ju ìgbà 70 lọ, wọn kò sì tẹ imú náà wálẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ó já fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ títí ó fi kan òkun. Ènìyàn 228 ló wà nínú rẹ̀, ẹyọ kan kò yè.

Fífa ìdarí mọ́ra yẹn ni ọkùnrin Kàbbà ń kọ́ ọmọ yín.

Ohun tí yóò bá pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyí, bí èmi ṣe ń kọ́ ọ. Kí á tó wọ bàálù, mo máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí etí iwájú apá òsì Cessna 172, bàálù kékeré tí a fi ń kọ́ni. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀. Mo máa ń ní kó fi áńkáṣífù mímọ́ bò ó, kó fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Á dún bíi fèrè tó ń sunkún. Ohùn yẹn ni yóò gbọ́ lókè nígbà tí apá bá kù díẹ̀ kó kọ iṣẹ́, mo sì fẹ́ kí etí rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n láti ilẹ̀.

Lókè, ní ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sí ilẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó kọ́kọ́ yí bàálù ká láti rí i pé kò sí bàálù mìíràn nítòsí. Lẹ́yìn náà a ó fa throttle sẹ́yìn, ìyẹn ohun tí ẹ lè pè ní ẹsẹ̀ epo, àmọ́ ọwọ́ la fi ń lò ó. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Ó kàn ń mí jẹ́jẹ́ bí ọkọ̀ tó ń dúró de èrò níwájú ilé ni, abẹ̀bẹ̀ iwájú ṣì ń yí. Ọmọ á máa fa ìdarí díẹ̀díẹ̀ kí gíga má bàa dín. Eré á máa wálẹ̀ ní knot, ìwọ̀n tí a fi ń ka eré bàálù: 70, 60, 55. Ariwo afẹ́fẹ́ lára gíláàsì á rọlẹ̀, ìdarí á dẹ̀ lọ́wọ́ bí okùn tó tú. Fèrè á bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Bàálù á gbọ̀n díẹ̀, bíi ti ọkọ̀ lójú ọ̀nà oníkòtò, imú á sì tẹrí ba fúnra rẹ̀.

Ó tán. Ọmọ á ti ìdarí síwájú díẹ̀, apá á bá afẹ́fẹ́ ṣe padà, fèrè á dákẹ́. Á ti throttle wọlé pátá, á fi ẹsẹ̀ mú ìrù bàálù dúró gún, á gun òkè padà. Ẹni tuntun lè pàdánù ẹsẹ̀ bàtà 200 sí 300 kó tó mú un bọ̀ sípò. Torí ẹ̀ la ṣe lọ sókè tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan nígbà kan, ọmọ jẹ́jẹ́. Bí imú ṣe tẹrí ba, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fa ìdarí mọ́ àyà. Fèrè kò dákẹ́. Apá òsì dà sílẹ̀, ilẹ̀ pupa kún gíláàsì iwájú wa. Mo ní "I have control", ọ̀rọ̀ tí a fi ń gba bàálù lọ́wọ́ ara wa, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo ti ìdarí síwájú ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, gbogbo nǹkan rọlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n nígbà tí a balẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní fífà yẹn. Ó ní fídíò kan lòun wò.

Ẹ̀dá ènìyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, n ò bá ọmọ náà wí. Bí ilẹ̀ bá ń bọ̀ lókè lójú ẹni, ara á ní ká fa nǹkan sókè. Irú ẹ̀kọ́ báyìí ló ń tú ìyẹn kúrò lára, ẹ̀ẹ̀kan kò sì tó.

Ṣé kí olùkọ́ wá fò ó? Rárá, ìyá wa. Olùkọ́ tó bá gbà láti fò ó, ẹ tètè mú ọmọ yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ mọ́ tí ọmọ yín yóò máa yí bàálù sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ láti dá balẹ̀. Cessna 172S tí kò tíì na flap, ìyẹn abala ẹ̀yìn apá tí a ń tẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ balẹ̀, máa ń stall ní nǹkan bíi knot 48 tó bá ń fò gúnrégé. Bí ó bá dẹ̀gbẹ́ dígírì 45 láti yí, tí kò sì jẹ́ kí gíga dín, yóò stall ní nǹkan bíi 57. Bí ó bá dẹ̀gbẹ́ dígírì 60, ó di 68. Ẹ wá wo ọmọ tó yí kọjá ojú ọ̀nà, tó ń kánjú padà, tó dẹ̀gbẹ́ gan-an, tó tún ń fa ìdarí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò sì sí ẹsẹ̀ bàtà 300 tó lè ná dànù níbẹ̀.

Òótọ́ kékeré kan wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, n ò ní bò ó. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú gẹ́rẹ́ tí bàálù gbéra, tí imú ṣì wà lókè, eré yóò tètè lọ, apá sì lè stall. Ohun tí à ń kọ́ wọn níbẹ̀ náà ni pé kí wọ́n tẹ imú wálẹ̀ kíákíá, kí wọ́n wá ilẹ̀ tó wà níwájú, kí wọ́n má gbìyànjú àtiyí padà. Tí ẹ́ńjìnnì bá sì kú lókè réré, Cessna yìí láti ẹsẹ̀ bàtà 5,000 lè rà bàbà tó nǹkan bíi kìlómítà 13 bí afẹ́fẹ́ ò bá dojú kọ ọ́. Òkúta wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

N ò rí ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ yín, n ò sì mọ irú bàálù tí wọ́n ń lò. Ìwé bàálù tiwọn ni kó tẹ̀ lé, kì í ṣe iye tí mo kọ síbí. Olùkọ́ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Kọ̀ǹpútà náà kò burú fún kíkọ́ ibi tí aago kọ̀ọ̀kan wà, ṣùgbọ́n wákàtí orí kọ̀ǹpútà ilé kò sí nínú 40 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bi ọkùnrin yẹn pé kó fi àṣẹ NCAA tó fi ń kọ́ni hàn yín. Bí kò bá rí i mú jáde, ẹ gba owó yín.

Ẹ má pe ọmọ yín láàárọ̀ ọjọ́ ẹ̀kọ́ náà láti dẹ́rù bà á. Ẹ jẹ́ kó sùn dáadáa, kó jẹun díẹ̀. Bó bá pè yín lálẹ́, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: nígbà tí fèrè sunkún, kí ni ọwọ́ rẹ ṣe? Bó bá ní òun tì í síwájú, ẹ kí i kú oríire. Bó bá ní òun fà á mọ́ra, ẹ ní kó lọ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n padà lọ sókè.