Níbo ni epo ọkọ̀ ti dínwó jù ní Adó-Èkìtì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Takisí ni mò ń wà láàárín Bàsírì sí Ajílósùn. Iye tí àwọn ilé epo ń tà ní Adó kì í bára mu rárá. Ẹni kan á kọ ₦930 sára pátákó, ẹlòmíì lọ́nà Ìkẹ́rẹ́ á kọ ₦900, mo sì máa ń wa ọkọ̀ lọ débẹ̀ nítorí ọgbọ̀n náírà yẹn. Síbẹ̀, owó kì í ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Níbo gan-an ni kí n máa ra epo?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú làálàá. Iṣẹ́ máníjà ilé epo ni mò ń ṣe, àmọ́ n kò ní dárúkọ ilé epo kankan fún ọ, torí iye ara pátákó lónìí lè yí padà kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni iye tí lítà kan ń ná ọ gan-an nígbà tó bá wọ táńkì rẹ.

Ká ní ilé epo kan ń ta ₦900, pọ́ǹpù wọn ní òun ti fún ọ ní lítà 20, àmọ́ lítà 19 ló wọlé. ₦18,000 lo san. Pín in sí 19, lítà kan ti di nǹkan bíi ₦947. Ẹni tó ń ta ₦930 tí pọ́ǹpù rẹ̀ pé ti dínwó jù ú lọ. Kò yàtọ̀ sí kọ́ńgò gàrí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí dọ́kàn, torí àwọn tó ń ra epo ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù, wọn kì í sì í fura.

Nítorí náà, máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí wọ́n tó ki ẹnu pọ́ǹpù bọ táńkì, wo ojú rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló ń hàn níbẹ̀: owó, lítà, àti iye lítà kan. Owó àti lítà gbọ́dọ̀ wà ní òdo, iye lítà kan sì gbọ́dọ̀ bá ti pátákó ẹnu ọ̀nà mu. Tí o bá ra ₦10,000 ní ₦900, lítà 11.11 ló yẹ kó hàn. Tí ara bá ń fu ọ, ní kí wọ́n gbé agolo ìdíwọ̀n jáde, agolo irin lítà 10 tàbí 20 tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, tí wọ́n sì fa ìlà sí i lọ́rùn. Tí pọ́ǹpù bá ti ka 20, epo gbọ́dọ̀ dúró sí ojú ìlà 20. Máníjà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní bínú sí ọ. Má fi kẹ́ẹ̀gì dán an wò o: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 máa ń gbà ju 25 lọ tí o bá rọ ọ́ dé ẹnu, ìjà tí kò nídìí nìyẹn sì máa ń dá sílẹ̀.

Ti ìrìn ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ńkọ́? Ká ní àlọ àti àbọ̀ jẹ́ kìlómítà 10, ọkọ̀ rẹ sì ń fi lítà kan rìn ín. O ti jó ₦900. Èrè rẹ lórí lítà 20 jẹ́ ₦600. Ẹgbẹ̀ta náírà lo lọ wá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún lo ná, a ò tíì ka èrò tí o kò gbé. Àyàfi tí èrò bá gbé ọ débẹ̀ ló tó rà níbẹ̀.

Bèèrè owó POS náà. Tí lítà kan bá jẹ́ ₦900, ₦100 lórí epo ₦3,000 jẹ́ ₦30 lórí lítà kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tí ò ń sá tẹ̀ lé ti lọ nìyẹn.

Ìdí tí iye kò fi bára mu ni pé ọkọ̀ agbépo ló ń gbé epo wá bá wa, èyí tó bá ti Èkó wá á gba Iléṣà tàbí Oǹdó àti Àkúrẹ́ kó tó dé Adó, owó ọkọ̀ sì wà lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí ilé ìfọpo Dangote sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta bẹntiróòlù ní oṣù Kẹsàn-án 2024, iye tí àwa fúnra wa fi ń rà á ń yí padà lemọ́lemọ́. Ẹni tó já lítà 45,000 ní iye àná kò ní fẹ́ tètè dín tiẹ̀ tí epo bá wálẹ̀. Ilé epo tí ọjà rẹ̀ ń yá ló kọ́kọ́ ń dín in, torí ẹrù tuntun ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí epo bá ń gòkè, ibi tí èrò kò pọ̀ sí ni kí o kọ́kọ́ yà wò, bóyá wọn kò tíì fi kún un.

Mú ilé epo méjì tàbí mẹ́ta tó wà lójú ọ̀nà rẹ. Ra ₦5,000 níbì kọ̀ọ̀kan nígbà tí géèjì bá wà lójú kan náà, kí o sì ka iye ìgbà tó gbé ọ láti Bàsírì dé Ajílósùn kí géèjì tó padà síbẹ̀. Èyí tó bá gbé ọ jìnnà jù ni oníbàárà rẹ. Èyí tó bá ń kùnà léraléra, kọ nọ́ńbà pọ́ǹpù náà, ọjọ́, aago àti lítà tó kà sílẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn ilé epo, tó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àjọ DPR ní 2021. Wọ́n láṣẹ láti ti pọ́ǹpù náà pa.