Níbo ní Jàpáànù ni wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà òde òní ti Jàpáànù àti ti Yúróòpù pọ̀?

Ohara Museum of Art ni, ní ìlú Kurashiki. Ẹ má wulẹ̀ dúró de ìpàtẹ tó ń bọ̀, torí iṣẹ́ ọnà tiwọn gan-an ti tó wò. Ohara Magosaburo, oníṣòwò aṣọ, ló dá a sílẹ̀ ní 1930 ní ìrántí ayàwòrán Kojima Torajiro, tó kú ní 1929. Kojima yìí ni Ohara ti rán lọ ra àwòrán ní Yúróòpù. Kojima lọ bá Monet, ayàwòrán ará Faransé, fúnra rẹ̀ nílé, ó sì ra àwòrán òdòdó ojú omi lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí wú mi lórí gan-an! Ní ti Jàpáànù, ẹ wá àwòrán tí Munakata Shiko fi igi gbígbẹ́ tẹ̀. Wọ́n sábà máa ń tì lọ́jọ́ Ajé.