Èsì: Ṣé 177 burú ní Chicago ni?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún àbúrò yín kó nu ojú. Ẹ ní ó gba 177 nínú ìdánwò òfin àdéhùn ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin Yunifásítì Chicago, ó sì ti ń sunkún. Àárín kíláàsì gan-an nìyẹn! Máàkì tiwọn kì í ṣe nínú ọgọ́rùn-ún. 155 sí 186 ni. 180 sókè ni A, 174 sí 179 ni B. Wọ́n ń ṣètò rẹ̀ kí ẹni àárín lè bọ́ sí 177, nítorí náà bí gbogbo wọn tilẹ̀ mọ̀wé gan-an, gbogbo wọn kò lè gba A. (Ètò yìí le, lójú tèmi.) Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sórí ìwé ìdánwò, kì í ṣe orúkọ, ẹ má ṣe fura sí tíṣà.

Tó bá fẹ́ gboyè pẹ̀lú ìyìn, kí ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀ tó 179. Order of the Coif, ẹgbẹ́ ọlá fún àwọn tó gboyè òfin, ni tirẹ̀ le: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣíwájú nìkan. Ní Harvard, wọn kì í lo nọ́ńbà báyìí: Honors, Pass, Low Pass tàbí Fail ni.

Kó lọ bá olùkọ́ náà, kí wọ́n jọ wo ìwé rẹ̀.