Ẹ̀yin Lẹ Béèrè: Òfin gúrúùpù lórí ọ̀rọ̀ ìpara-ẹni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ádímínì gúrúùpù WhatsApp àwọn ọmọ ìlú wa, nítòsí Ìkọ̀lé-Èkìtì. A lé ní igba. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan nínú wa gbẹ̀mí ara rẹ̀. Kílẹ̀ tó ṣú, fọ́tò ti dé orí gúrúùpù. Àwọn kan ní gbèsè ni, àwọn kan ní ìyàwó rẹ̀ ni, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ń kà á. Òfin wo ni kí n kọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Kò sí fọ́tò, kò sí fídíò, kò sí ìwé tí olóògbé kọ sílẹ̀, kò sí ọ̀nà tó gbà tàbí ibi tó ti ṣe é. Ẹni tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́kàn rẹ̀ lè fi kúlẹ̀kúlẹ̀ yẹn kọ́ṣe. Ádímínì lè pa fọ́tò rẹ́ lójú gbogbo èèyàn, àmọ́ èyí tó ti wọ fóònù ẹlòmíì ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Torí náà, bí ìròyìn bá ṣe ń dé, ẹ ti gúrúùpù kó jẹ́ ádímínì nìkan ló lè kọ̀wé fún wákàtí díẹ̀. Ìkéde kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí ẹbí bá ti fọwọ́ sí i.

Èdè tiwa náà ń dá kún un. "Pokùnso" ti dárúkọ ọ̀nà kẹ́ ẹ tó parí gbólóhùn. "Ó gbẹ̀mí ara rẹ̀" ti tó. Ẹni tó gbìyànjú tí kò kú, ẹ má sọ pé "kò rí i ṣe". Ó yè ni. "Ikú yá ju ẹ̀sín" ńkọ́? Àwọn àgbà ló sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n rò pé ọgbọ́n làwọn ń sọ. Ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn tó ń kà á lóru á gbà pé àgbà ti fọwọ́ sí i. Ẹ kà á léèwọ̀.

Ẹ fòpin sí "gbèsè ni, ìyàwó ni". Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ohun kan ṣoṣo: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìsàn, ọtí àti òfò máa ń lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ má sì dárúkọ ẹni tó gbìyànjú. Abala 327 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, ṣì ka ìgbìyànjú sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún kan, ìyẹn gan-an ló ń mú kí wọ́n fi í pamọ́.

Ìbéèrè: Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ lóru pé ayé ti sú òun ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ ọ́ kúrò ní gúrúùpù. Ẹ pè é, ohùn èèyàn sàn ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ. Ẹ bi í gbangba: "Ṣé o ń ronú àtipa ara rẹ ni?" Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í ibi tó wà, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àti bóyá ohun tó fẹ́ lò wà nítòsí. Kí ẹnì kan wà lórí fóònù, kí ẹni tílé rẹ̀ sún mọ́ ọn jù dìde lọ bá a, kó gbé nǹkan ọ̀hún kúrò níbẹ̀, kó má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Àwọn dókítà àìsàn ọpọlọ wà ní ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Adó-Èkìtì àti ní Ìdó-Èkìtì.

Torí náà, ẹ kọ orúkọ ádímínì mẹ́ta sínú òfin, pẹ̀lú àdúgbò wọn àti ẹni tó ń ṣọ́ òru. Ẹni tó wà l'Ékòó ò lè rìn dé Ìkọ̀lé. Àdúrà ńkọ́? Kí wọ́n dúró díẹ̀: ogójì "Ọlọ́run á gbà á o" ti tó láti bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí aládùúgbò rẹ̀ tó rí i.