Ṣé dandan ni kí n di awalẹ̀pìtàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ti gboyè nínú ìmọ̀ yíya àwòrán ilé. Ohun tó wù mí ni kí n máa ṣèwádìí àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sí Mẹ́síkò kí àwọn ará Sípéènì tó dé, kí n sì máa tọ́jú wọn. Ṣé dandan ni kí n lọ kọ́ ìwalẹ̀pìtàn?

ÌDÁHÙN: Kò pọn dandan, ọmọ mi. Awalẹ̀pìtàn ló ń hú ilé jáde. Ẹni tó mọ bí ògiri ṣe ń gbé ẹrù àti ibi tí omi ń gbà wọlé ni kì í jẹ́ kó wó.

Ògiri rírẹ́ ni iṣẹ́ tèmi. Àwọn Maya, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Mẹ́síkò, máa ń sun òkúta ẹfun nínú iná, wọ́n á fi omi pa á, wọ́n á wá fi rẹ́ ògiri. Ní ọ̀rúndún ogún, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi tún ọ̀pọ̀ ilé wọn ṣe. Sìmẹ́ńtì le jù, kì í jẹ́ kí omi inú ògiri ráyè jáde. Ara ẹfun àtijọ́ lomi náà á wá gbà, iyọ̀ á dì sábẹ́ rẹ̀, á sì máa bó. Ó máa ń dùn mí wọra láti rí ọ̀dà pupa àtayébáyé ní wẹ́wẹ́ nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi padà sídìí ẹfun, tí àwọn kan tiẹ̀ ń fi omi yíyọ̀ inú nopal, ewéko ẹlẹ́gùn-ún ibẹ̀, pò ó.

Bó o bá dé Teotihuacan, ìlú àtijọ́ kan nítòsí Mexico City, sún mọ́ ògiri dáadáa. Ibi tí wọ́n bá to òkúta wẹ́wẹ́ sí láàárín àwọn òkúta ńlá, àtúnṣe òde òní ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sàmì sí i kó má baà tan ẹnikẹ́ni jẹ ni, mo sì fẹ́ràn òtítọ́ yẹn púpọ̀. Àdéhùn Venice ti 1964, ìyẹn ìlànà káríayé lórí títọ́jú ilé àtijọ́, ní kí àtúnṣe dúró níbi tí ìfojúbù bá ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló máa le jù fún ọ, torí ó ti mọ́ ayàwòrán ilé lára láti parí ohun tí kò pé.

INAH, àjọ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939, ló ń bójú tó àwọn ibi wọ̀nyí. Òfin 1972 sọ wọ́n di ti orílẹ̀-èdè, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò lè dédé walẹ̀ níbẹ̀ láìgbàṣẹ. Ilé ẹ̀kọ́ INAH tí wọ́n ń pè ní ENCRyM, ní Mexico City, ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìtọ́jú yìí. Èdè Sípéènì ni kó o tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ báyìí: òun ni wọ́n fi ń kọ́ni ní kíláàsì, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po ẹfun ń sọ.